Orin Tí Kì Í Sáré

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, bí o bá rìn gba àárín Ayédé Èkìtì kọjá ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Ọ̀pẹ, nígbà tí ọyẹ́ bá ti sọ ètè gbogbo èèyàn di funfun, tí àwọn ọmọ Èkó àti ọmọ Àbújá bá ti ń wálé nínú ọkọ̀ tí eruku bò, kò ní pẹ́ tí wàá fi gbọ́ ohùn ọkùnrin kan láti pálọ̀ ẹnì kan, ohùn tó wúwo, tó tutù, tí kò kánjú lọ síbì kankan. Ọkùnrin náà ò mọ Ayédé. Kò débí rí títí ó fi kú lọ́dún 1964. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí bàbá rẹ wà lọ́dọ̀ọ́, agbára káká ni wàá fi rí ilé kan tó ní rédíò ní ìlú yìí tí wọn ò ti mọ orúkọ rẹ̀. Jim Reeves ni.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa ẹ̀yin ọmọdé lẹ́rìn-ín. Ẹ ní orin arúgbó ni, ẹ ní orin tí ń rọ́mọ sùn ni. N ò ní bá yín jà sí i, nítorí ojú mi ti rí oríṣiríṣi, mo sì mọ̀ pé ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ojú wa níbí ni túwíìsì ṣe dé, tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa ń yí ìdí títí ẹ̀yìn fi ń ro wọ́n, tí àwọn bàbá wọn sì ń búra pé ayé ti bàjẹ́ tán. Túwíìsì kẹ́rù, ó lọ. Sóòlù dé, James Brown fúnra rẹ̀ wá sí Nàìjíríà lọ́dún 1970, àwọn ọ̀dọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe bíi tirẹ̀ títí ọ̀nà ọ̀fun wọn fi há. Sóòlù náà lọ. Ṣòkòtò lábú dé, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ débi pé ẹni tó wọ̀ ọ́ ń gbálẹ̀ ìlú lọ́fẹ̀ẹ́, bàtà gàrántì sì ga débi pé ọ̀dọ́kùnrin tó bá wọ̀ ọ́ gun òkè Èkìtì wa yìí, àfi kó bọ́ ọ sọ́wọ́ kó tó délé àna rẹ̀. Dísíkò dé, ó kó iná aláwọ̀ mèremère dání. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní àwọn tó ní kò sóhun tó tún lè dé lẹ́yìn rẹ̀ mọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn náà ló sì ní àwọn àgbà tó ń gégùn-ún fún un. Ṣùgbọ́n orin jẹ́jẹ́, èyí tí àwa ń pè ní bulúùsì, tí àwọn mìíràn ń pè ní kọ́ńtírì, kò bá ẹnikẹ́ni du ipò, kò sì kẹ́rù títí di òní.

Owó kòkó àti àwọn tíṣà ló gbé e wọ ilẹ̀ Èkìtì. Ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1965, àgbẹ̀ tó bá ti ta kòkó, tó ti san owó ilé-ìwé ọmọ, tó ti kan páànù, ohun tó kàn án láti rà ni rédíò; ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì tún tẹ́nu ju bẹ́ẹ̀ lọ a ra rédíógírámù, àpótí igi ńlá tí rédíò àti ẹ̀rọ àwo orin jọ wà nínú rẹ̀, ìyàwó ilé á sì fi aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ bò ó lórí, ọmọ tó bá fọwọ́ kàn án gba ìgbátí. Àwọn tíṣà ní tiwọn, bí wọ́n bá ti ń ti kọ́lẹ́ẹ̀jì bọ̀, wọ́n á fi ìwé ìròyìn wé àwo orin méjì mẹ́ta sáàárín aṣọ nínú pótímáńtò kó má baà kán. Rédíò Ìbàdàn ṣe tiẹ̀, nítorí ètò kan wà nígbà náà tí èèyàn lè kọ lẹ́tà sí pé kí wọ́n bá òun fi orin kí ẹ̀gbọ́n òun ní Kádúná tàbí àfẹ́sọ́nà òun ní Adó, gbogbo ilé á wá dákẹ́ láti gbọ́ bóyá wọ́n máa dárúkọ ará ìlú wa kan.

Ibi tí iná ìjọba ò tíì dé, ẹ̀rọ àwo orin kékeré oníbátìrì là ń lò. Bátìrì wọ́n, nítorí náà bó bá ti ń rẹ̀ ẹ́, a ó yọ ọ́, a ó tò ó sórí páànù tàbí etí ògiri kó gba oòrùn, a ó sì tún dá a padà sínú ẹ̀rọ kó lè kọ orin bí i mẹ́rin sí i. Bó bá wá kù díẹ̀ kó kú pátápátá, àwo náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí díẹ̀díẹ̀, ohùn Jim Reeves tó ti wúwo tẹ́lẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ sí i, á há, á wá dà bí ohùn egúngún tó ń kí ará ilé, àwọn ọmọdé á sì sá jáde. Kò sẹ́ni tó ń pa á. Àwọn àgbà á jókòó, wọ́n á gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ títí á fi dákẹ́ fúnra rẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ òun, nínú gbogbo akọrin òyìnbó? Mo ti rò ó títí, ohun tí mo sì gbà gbọ́ ni pé ọ̀nà tó gbà ń lo ohùn ló fà á. Wọ́n bí i ní Texas lọ́dún 1923, ó fẹ́ fi bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá jẹun, ìpalára ò jẹ́, ló bá di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò. Nígbà tó kọ́kọ́ ń kọrin, òkè ló ń gbé ohùn sí bíi ti gbogbo akọrin kọ́ńtírì ìgbà náà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ “Mexican Joe” lọ́dún 1953. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1957, nígbà tó ń kọ “Four Walls”, ó sún mọ́ maikirofóònù títí ètè rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó sọ ohùn kalẹ̀, ó sì kọrin sétí èèyàn. Chet Atkins tó ń darí ìgbohùnsílẹ̀ fún un àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nashville bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fayolíìnì oko àti gìtá onírin tí ń ké kúrò nínú irú orin bẹ́ẹ̀, wọ́n fi ọ̀wọ́ fayolíìnì rírọ̀ àti àwọn elégbè dípò. Orin tó ti inú ìyẹn jáde ò yára débi tí ẹsẹ̀ á fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ etí, kò sì falẹ̀ débi tí oorun á fi gbé ni. Ọmọ Ayédé tó ka ìwé mẹ́fà péré gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwọ rò ó wò, ọmọ mi: nígbà tí gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí èèyàn ń gbọ́ jẹ́ ti aláṣẹ tó ń pàṣẹ, tí ó sì ń pè é láti imú, òyìnbó kan wá jókòó ní pálọ̀ rẹ, ó ń bá ọ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ń sọ fún ọ pé ọkàn òun gbọgbẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Èyí ò sọ pé ohun tí a gbọ́ yé wa o. Ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn gbọ́ ọ̀rọ̀, ọ̀tọ̀ ni kó yé e. Nítorí pé Jim Reeves kọ orin ẹ̀mí, tó tún ṣe àwo orin Kérésìmesì lọ́dún 1963, a gbà pé gbogbo orin ẹnu rẹ̀ orin ìsìn ni. Bẹ́ẹ̀, “He'll Have to Go” tó gbòde kan lọ́dún 1960, ọkùnrin kan ló wà nílé ọtí, tó ń fi fóònù bá obìnrin tó fẹ́ràn sọ̀rọ̀, nígbà tí ọkùnrin mìíràn wà lọ́dọ̀ obìnrin náà, ó sì ń fẹ́ kí ó lé onítọ̀hún jáde. Orin yìí gan-an ni àwọn díákónì wa ń fi sórí ẹ̀rọ bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí wọ́n fi aṣọ òkè sọ́rùn, tí ìyá ìjọ méjì jókòó sórí àga ìrọ̀rùn tí wọ́n ń mi orí sí i, tí ọmọ ń bu iyán lọ bu iyán bọ̀. Ojú wọn tutù, ọkàn wọn balẹ̀. N ò rí ẹni tó jàǹfààní orin jù wọ́n lọ.

Èyí tó wọ̀ wá lára jù lára orin ẹ̀mí rẹ̀ ni “This World Is Not My Home”, èyí tí wọ́n ń lò níbi àìsùn òkú títí di òní. Kò yẹ kó yà ọ́ lẹ́nu. Kí Jim Reeves tó dáyé ni bàbá bàbá rẹ ti mọ̀ pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Òyìnbó wá fi gìtá kọ ọ́ fún un, bàbá ní, “Ẹ̀n-ẹ́n, ọmọkùnrin yìí gbọ́n.” Ìlú tiwa yìí kì í sì í ṣe ìlú tó ń ti àlejò síta. Nígbà tí Èṣùbíyí tẹ Ayédé dó ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tí ogun Núpé tú ká ló kó jọ. Oníkálukú gbé òrìṣà tiẹ̀ àti orin tiẹ̀ dé, a sì rí àyè fún gbogbo wọn. Bí o bá wá síbi ọdún Yemọja, fetí sí ìlù dáadáa: nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí oríkì wọ aráyé létí, onílù mọ bí a ti ń rẹ ọwọ́ sílẹ̀.

Jim Reeves fúnra rẹ̀ kò pẹ́ láyé. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1964, òun ló ń wa ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan bọ̀ sí Nashville pẹ̀lú ẹni tó ń tẹ dùùrù fún un, òjò ká wọn mọ́ òkè, ọkọ̀ náà já, wọ́n sì wá wọn fún ọjọ́ méjì kí wọ́n tó rí wọn. Ọmọ ogójì ọdún ni. Ṣùgbọ́n orin tó ti kọ pamọ́ pọ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ń jẹ́ kí wọ́n máa gbé e jáde. Lọ́dún 1966, ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀, “Distant Drums” ló wà ní ipò kìíní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìlú wa níhìn-ín, àwọn kan bá ara wọn jà lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní irọ́ ni, wọ́n ní òkú kì í ṣe àwo tuntun. Ọ̀kan nínú wọn fi owó ta á pé ọkùnrin náà ń bọ̀ wá ṣeré n'Ìbàdàn, àwọn tó bá a ta á sì fi sùúrù dúró dè é fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó gbowó wọn.

Àwọn akọrin kọ́ńtírì yòókù tẹ̀lé e wọlé. Skeeter Davis dé pẹ̀lú “The End of the World”, Don Williams dé, ẹni tí ilẹ̀ Áfíríkà fẹ́ràn débi pé ó lọ ṣeré ní Zimbabwe lọ́dún 1997. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ Dolly Parton. Nínú “Coat of Many Colors” tó gbé jáde lọ́dún 1971, ìtàn ara rẹ̀ ló sọ. Orí òkè Tennessee ni wọ́n ti bí i, ọmọ méjìlá ni àwọn òbí rẹ̀ bí, owó ò sí. Ìyá rẹ̀ kó àkísà jọ, ó rán an ní ẹ̀wù fún un, ọmọ náà wọ̀ ọ́ lọ sílé-ìwé tayọ̀tayọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ń sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọmọ yìí ní àkísà, ó sì gbà pé òun lówó ju gbogbo wọn lọ, nítorí ọwọ́ tó rán an. Ta ni kò mọ ìyá yẹn ní Èkìtì? Ìyá tó gé etí ìró rẹ̀ tó ti gbó, tó fi lẹ ìdí ṣòkòtò ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, àwọ̀ ò bá àwọ̀ mu, òwú funfun lára aṣọ káakí, ọmọ náà sì jókòó lé àlẹ̀mọ́ yẹn ní kíláàsì títí ó fi di dókítà. Ẹni tó bá ti wọ irú ṣòkòtò bẹ́ẹ̀ rí, orin Dolly á bá a nínú, kódà bí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa.

Kenny Rogers ní tiẹ̀, onítàn ni. “Lucille” tó kọ lọ́dún 1977 dá lórí obìnrin tó fi ọkọ àti àwọn ọmọ sílẹ̀ lásìkò ìkórè gan-an, kò sì sí àgbẹ̀ níhìn-ín tó gbọ́ ọ tí kò kọ́kọ́ béèrè pé ta ló wá bá a kó irè oko náà. “The Gambler” ti ọdún 1978, tí Don Schlitz kọ sílẹ̀, àgbàlagbà onítẹ́tẹ́ kan ló wà nínú ọkọ̀ ojú irin lóru pẹ̀lú ọ̀dọ́kùnrin kan, ó gba ọtí díẹ̀ àti sìgá kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìmọ̀ràn san án, ilẹ̀ ò sì mọ́ bá a. Ìmọ̀ràn náà kò ju pé kí èèyàn mọ ìgbà tó yẹ kó dìde. Àwọn tó fẹ́ràn orin yìí jù lára àwọn tí mo mọ̀ ni àwọn onítẹ́tẹ́ púùlù. Wọ́n ń kọ ọ́ bí wọ́n ti ń kún fọ́ọ̀mù wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n kọ ọ́ títí oko kòkó méjì fi bá tẹ́tẹ́ lọ, kò sì sí èyí tó dìde nínú wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìgbéyàwó. Dolly Parton kan náà ló kọ “I Will Always Love You”, tó gbé e jáde lọ́dún 1974, orin ìdágbére ni fún ọ̀gá rẹ̀ Porter Wagoner tí wọ́n ti jọ ń ṣeré pọ̀, nígbà tó fẹ́ lọ dá dúró. Whitney Houston tún un kọ lọ́dún 1992, gbogbo ayé gbọ́ ọ. Láti ìgbà náà, ìyàwó mélòó ni n ò tíì rí tó fi orin ìpínyà wọ gbọ̀ngàn, tí ọkọ rẹ̀ ń nu òógùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí alága ìdúró àti alága ìjókòó ń sunkún ayọ̀? Inú mi máa ń dùn sí wọn. Púpọ̀ nínú wọn ṣì wà nílé ọkọ títí di òní, ọmọ wọn ti ń gba dìgírì ní Yunifásítì Ọyẹ́.

Ohun kan wà tí n ò fẹ́ kí o gbàgbé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, torí ó kan iyì wa. Mo sọ fún ọ lẹ́ẹ̀kan pé àwọn ará Nashville yọ gìtá onírin kúrò nínú orin wọn kí ó lè bá ọjà mu. Gìtá yìí, èyí tí wọ́n ń fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀ kó lè máa fa ohùn, àwọn ọmọ erékùṣù Hawaii ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn olórin kọ́ńtírì gbà á lọ́wọ́ wọn. Ogún ọdún ó lé lẹ́yìn tí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Sunny Adé wa gbé e. Nígbà tí “Juju Music” jáde lókè òkun lọ́dún 1982, gìtá onírin tí Demola Adepoju ń ta ló ń sunkún láàárín gángan àti àwọn gìtá yòókù, àwọn òyìnbó sì ń bi ara wọn léèrè pé ibo ni ohùn yìí ti wá. Ilé wọn ló ti wá. Àwa tó ti ń fi Jim Reeves jẹ iyán lọ́jọ́ Àìkú, kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí Bongos Ikwue, ọmọ Ìdọmà, sì kọ orin fún eré “Cock Crow at Dawn” lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó bá fetí sí i dáadáa á mọ̀ pé ìdílé kan náà ni.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé òyìnbó ló kó orin jẹ́jẹ́ wá, kó gbọ́ Elemure Ogunyemi tó fi ẹnu Èkìtì kọrin, kó gbọ́ I. K. Dairo nígbà tó bá rọra ń tẹ àkọ́díọ́nù rẹ̀, kó wá sọ fún mi èwo ni àjèjì. N kì í sì í ṣe àgbà tó ń sọ pé ohun rere ti tán láyé. Nígbà tí Aṣa gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2007, mo gbọ́ ọmọdébìnrin tó mọ bí a ṣe ń dúró de ọ̀rọ̀ kó tó kúrò lẹ́nu, mo sì ní kí ọmọ mi tún un fi fún mi. Ẹ̀yin tó ń sáré yìí náà, ẹ óò dé ibẹ̀. Àwọn tó ń yí ìdí sí túwíìsì ní 1962, àwọn gan-an ni wọ́n jókòó ti Jim Reeves ní 1990, kò sẹ́ni tó fipá mú wọn.

Ohun kan ni mo wá ń bẹ̀ ọ́. Bí a bá sin àgbà tán tí ẹ̀yin ọmọ bá ń palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́, àwo orin ni mo ń rí tí ẹ máa ń kọ́kọ́ kó síta, ẹ ní kò wúlò, òjò á pa á, ewúrẹ́ á tẹ̀ ẹ́. Dúró ná. Yọ àwo náà nínú páálí rẹ̀, wo bébà rìbìtì tó wà láàárín rẹ̀: wàá rí i pé bàbá fi bírò kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọjọ́ tó rà á àti orúkọ ìlú tó ti rà á, nítorí kí ẹni tó yá a má baà sọ ọ́ di tirẹ̀. Má ṣe sá a sóòrùn, á ká. Má ṣe tò wọ́n lé ara wọn, gbé wọn nàró. Wá ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ó bá ọ gbà wọ́n sórí fóònù, kí o sì jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ gbọ́ ohun tí bàbá ń gbọ́ nígbà tó ń ronú owó ilé-ìwé rẹ. Bí o ò bá rí ẹni náà ní Èkó, kó wọn wá bá mi ní Ayédé. Ẹ̀rọ tèmi ṣì ń kọrin.